Orúkọ ọkọ mi ló wà lórí ilé, èmi ni mò ń bójú tó o

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Kí n tó fẹ́ ọkọ mi ló ti ra ilé alájà méjì kan, òun nìkan ló sì wà nínú ìwé ilé náà. Nígbà tí a kó kúrò níbẹ̀, a kó ayálégbé sí i. Iṣẹ́ kì í jẹ́ kí ọkọ mi gbélé, nítorí náà èmi ni mò ń gba owó ilé, èmi náà ni mò ń wá pọ́lọ́mbà àti káfíńtà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àlejò ayálégbé òkè di irin àtẹ̀gùn mú, irin yọ, ó ṣubú, ó sì fi ọwọ́ kán. Ayálégbé yẹn ti fi tẹ́sì ránṣẹ́ sí mi tẹ́lẹ̀ pé irin náà ń mì. Ìwé adójútòfò tí ọkọ mi gbà nígbà tó ń gbé ibẹ̀ la ṣì ń sanwó sí. Ṣé wọ́n lè pe èmi náà lẹ́jọ́? Ṣé kí n fi orúkọ mi sí ìwé ilé ni? — Ìyàwó Onílé

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ìyàwó Onílé. Ẹjọ́ òfò ni mò ń yẹ̀ wò níléeṣẹ́ adójútòfò kí n tó máa kọ abala yìí, ọ̀rọ̀ irin àtẹ̀gùn kò sì ṣàjèjì sí mi rárá.

Wọ́n lè pè yín. Kì í ṣe tìtorí pé ẹ jẹ́ ìyàwó rẹ̀; ní ọ̀pọ̀ ibi, ìgbéyàwó nìkan kò sọ ẹ̀bi onílé di ti ìyàwó. Tẹ́sì yẹn ni. Ẹ̀yin ni wọ́n fi tó létí, ẹ̀yin lẹ máa ń wá oníṣẹ́. Lọ́yà tó bá gbọ́ṣẹ́ á ní ẹ̀yin ni alábòójútó, ẹ mọ̀, ẹ ò sì ṣe nǹkan kan. Ẹ má sì pa tẹ́sì náà rẹ́ o! Mo mọ̀ pé yóò máa ṣe yín bẹ́ẹ̀.

Ní ti ìwé ilé, ẹ má fi orúkọ yín sí i. Tí ẹ bá wọ ibẹ̀, ẹ ó gba ẹ̀bi onílé kún ti alábòójútó. Ìwé adójútòfò ló yẹ kí orúkọ yín wà, kó hàn gbangba pé ààbò rẹ̀ kan ẹ̀yin náà.

Ṣùgbọ́n ìwé wo? Èyí tó wà nílẹ̀, ti ẹni tó ń gbé ilé ara rẹ̀ ni, iléeṣẹ́ sì lè kọ̀ láti sanwó torí pé ẹ ò sọ fún wọn pé ayálégbé ti wọlé. Síbẹ̀, kí ọkọ yín fi ìṣubú náà tó wọn létí lónìí, kó sọ òótọ́. Ẹ ya fọ́tò irin náà, ẹ tọ́jú èyí tó yọ, kí wẹ́dà tó fọwọ́ kàn án. Ẹ lọ kí ẹni tó ṣubú, àmọ́ ẹ má ṣèlérí owó ìwòsàn, ẹ má sì buwọ́ lu ìwé kankan kí iléeṣẹ́ tó fèsì.

Lẹ́yìn náà, ẹ gba ìwé adójútòfò ti onílé tó ní ayálégbé. Kò ní bo ìṣubú tó ti ṣẹlẹ̀ o. Ohun tó ń bò ni ilé fúnra rẹ̀, ẹ̀bi bí ẹnikẹ́ni bá fara pa, àti owó ilé tí ẹ kò ní rí gbà bí iná bá sọ ibẹ̀ di ohun tí kò ṣeé gbé. Ẹ bi wọ́n bóyá èyí tó kẹ́yìn yìí wà níbẹ̀. Ẹrù ayálégbé kò sí níbẹ̀, kí wọ́n gba tiwọn. Iye tí yóò ná yín láti tún ilé kọ́ ni kí ẹ kọ sínú ìwé náà, kì í ṣe iye tí ẹ lè tà á pẹ̀lú ilẹ̀; ilẹ̀ kì í jóná. Ọ̀pọ̀ ìwé bẹ́ẹ̀ ló sì ń dín ààbò kù bí ilé bá ṣófo ju 30 tàbí 60 ọjọ́ lọ.

Ẹnì kan lè gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ fi ilé sábẹ́ orúkọ kọ́ńpìnì. Ó dára nígbà mìíràn, àmọ́ tí onílé bá yí padà tí ìwé adójútòfò kò yí padà, orúkọ ẹni tí kò nílé mọ́ lẹ ń sanwó lé lórí. Tí ajẹ́ńtì bá sì ní òun ti fi orúkọ yín kún un, ẹ ní kó fi ojú ìwé tó wà hàn yín.