Ìbéèrè Yín: Kọnkéré tútù tó ń ti pátákó

Ìbéèrè: A fẹ́ da ògiri kọnkéré tó ga ní mítà 3. Báwo la ṣe máa mọ bí yóò ṣe ti pátákó tó dì í mú kó tó le tó?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ ṣírò rẹ̀ bíi pé gbogbo rẹ̀ ń ṣàn bí omi. Kọnkéré tútù wúwo tó kílónútìn 24 (ìwọ̀n agbára; nǹkan bíi mẹ́wàá rẹ̀ ni ìwúwo tọ́ọ̀nù kan) ní mítà kúbíìkì kan. Ẹ fi gíga rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀: 24 lọ́nà 3 jẹ́ kílónútìn 72 lórí mítà onígun mẹ́rin kan, ní ìdí ògiri. Láàárín, 36 ni. Bí irin tó so pátákó méjèèjì bá jìnnà síra ní sẹ̀ǹtímítà 60 lóròó àti níbùú, èyí tó wà nítòsí ìdí lè ru kílónútìn 26, ìyẹn ju tọ́ọ̀nù méjì àbọ̀ lọ. Ibẹ̀ ni pátákó ti sábà máa ń já.

Bí ẹ bá ń dà á díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ooru wà, ti ìsàlẹ̀ á ti máa le kí òkè tó kún, agbára náà á sì dín kù. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára pátákó ní gbogbo sẹ̀ǹtímítà 50, kí ẹ máa wo aago, kí ẹ lè mọ bí ó ṣe ń yára kún tó. Ṣùgbọ́n bí òtútù bá mú, bí ẹ bá fi oògùn tó ń dá líle dúró sí i, tàbí bí kọnkéré bá ṣàn gan-an, ẹ má dín nǹkan kan kù nínú 72 yẹn. Bí ẹ bá sì ń fi pọ́ǹpù tì í wọlé láti ìsàlẹ̀, ó lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má ri ẹ̀rọ tó ń gbọ̀n ọ́n wọ inú ìpele ìsàlẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ; èyí tó ti ń le á tún padà di ṣíṣàn.