Ṣé ooru tí ẹ̀rọ fà láti inú ilẹ̀ jẹ́ agbára tí kì í tán?

Ìbéèrè: A fẹ́ kọ́ ọ́fíìsì tuntun, a sì fẹ́ gba LEED fún un, ìyẹn ìwé-ẹ̀rí tí wọ́n ń fún ilé tí kì í fi agbára ṣòfò tí kì í sì í ba àyíká jẹ́. Ẹ̀rọ tó ń fa ooru láti inú ilẹ̀ la fẹ́ fi mú un móoru nígbà òtútù, ká sì fi mú un tutù nígbà ooru. Ṣé wọ́n máa fún wa ní máàkì agbára tí kì í tán lórí rẹ̀?

Ìdáhùn: Rárá o, àmọ́ ẹ má tìtorí ìyẹn pa á tì.

Ẹ̀rọ yìí kì í pèsè agbára fúnra rẹ̀. Iná mànàmáná ló ń jẹ kó lè máa kó ooru láti ibì kan lọ síbòmíràn, bí fíríìjì ṣe ń kó ooru inú rẹ̀ dà sẹ́yìn. Bó bá fún yín ní ooru ìwọ̀n 4, ó lè jẹ́ pé 3 ti inú ilẹ̀ wá, tí iná sì kó 1 yòókù. Èédú tàbí gáàsì ni wọ́n sì lè sun kí iná yẹn tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ìdí nìyẹn tí LEED fi kà á sí ọ̀nà láti dín iná kù. Ẹ ò pàdánù ńkankan níbẹ̀: nínú LEED v4 (ẹ̀dà kẹrin ìlànà wọn) fún ilé tuntun, dídín agbára kù lè mú máàkì 18 wá, nígbà tí agbára tí kì í tán ò ju 3 lọ.

Ooru gbígbóná gan-an tó wà jìn nísàlẹ̀ ilẹ̀, irú èyí tí wọ́n ti ń fi pèsè iná ní Larderello ní Ítálì láti nǹkan bí 1904, ọ̀tọ̀ nìyẹn. LEED gba ìyẹn wọlé.

Ẹni tó bá sọ fún yín pé wọ́n ń ka ooru tí ẹ̀rọ yìí fà sí agbára tí kì í tán ní Yúróòpù kò parọ́. Òfin wọn ti 2009 gbà á, ṣùgbọ́n wọ́n á kọ́kọ́ yọ iná tí ẹ̀rọ jẹ kúrò. Ìlànà 2013 sì sọ pé ooru tí ẹ̀rọ oníná bá mú wá lọ́dún gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po 2.5 iná tó jẹ. Ìṣirò orílẹ̀-èdè nìyẹn wà fún, kì í ṣe ti ilé kọ̀ọ̀kan. Lójú tèmi, LEED ló tọ̀nà fún ilé.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń ṣírò agbára ilé yín fi ẹ̀rọ náà sínú ìṣirò rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ṣì fẹ́ máàkì agbára tí kì í tán, ẹ gbé sólà sórí òrùlé. Kẹ́ ẹ tó gbẹ́lẹ̀, ẹ bi ẹni tó ń ṣírò náà bóyá ooru tí ẹ máa dá padà sílẹ̀ nígbà ooru máa tó èyí tẹ́ ẹ fà nígbà òtútù. Bí kò bá tó, ńṣe ni ilẹ̀ á máa tutù sí i lọ́dọọdún, owó iná yín á sì máa ga.