Àmì kan ṣoṣo tí mo rí gbà

Bàbá Dámi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ọmọ yín, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ti na gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ tán nínú tẹníìsì ní Stádíọ̀mù Abuja, ẹ wá fẹ́ mọ ẹni tí ẹ lè lọ rí kí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí Roland Garros, ìdíje tẹníìsì ńlá ti Paris. Kò sí ẹni tí ẹ lè lọ rí. Ẹ má bínú pé mo là á mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi náà wá ẹni yẹn títí, mo náwó sí i.

Ipò ọmọ nínú ranking, ìwé tí wọ́n fi ń to àwọn olùdíje lẹ́sẹẹsẹ nípa àmì tí wọ́n kó jọ, ló ń sọ̀rọ̀. Ọkùnrin 128 ló ń wọ main draw, ìyẹn ìdíje gan-an, obìnrin náà 128. Nínú 128 yẹn, 104 ń wọlé tààrà nítorí ipò wọn, 8 ń gba wild card, àyè tí àwọn olùṣètò ń fún ẹni tí ipò rẹ̀ kò gbé débẹ̀, 16 tó kù ń gba inú qualifying, ìdíje àṣàyàn tó ń ṣáájú, jáde. Àwọn 128 mìíràn ló ń du àyè 16 yẹn ní Paris níbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, ẹni tó bá máa yọ gbọ́dọ̀ borí lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹni tí kò bá sí ní nǹkan bí ipò 230, qualifying gan-an kì í sábà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ipò tí wọ́n sì ń wò fún main draw, ti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú ìdíje ni. Ẹlòmíì á máa dá bírà ní ìdíje Rome nínú oṣù Karùn-ún, síbẹ̀ inú qualifying ni ẹ máa bá a ní Paris. Kò sì sẹ́ni tó ń bèèrè irú ilẹ̀ pápá tí o ti kó àmì jọ. Ti orí kọnkéré Abuja àti ti orí clay (ilẹ̀ pupa tí Roland Garros náà ń lò) ní Madrid, inú àpò kan náà ni wọ́n ń bọ́ sí.

Èmi ní àmì kan láyé mi. Nígbà tí ìdíje Futures, ìpele ìsàlẹ̀ fún àwọn tó ń fi tẹníìsì ṣiṣẹ́, ń wá sí Abuja, wọ́n fún mi ní wild card torí pé ọmọ ilẹ̀ ni mí, mo borí lẹ́ẹ̀kan, wọ́n kọ àmì kan sí orúkọ mi. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo gbé e kọ́ sára ògiri ilé mi ní Kubwa. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 52, ó pòórá, bí àmì gbogbo èèyàn ṣe ń pòórá nìyẹn. Bébà náà ṣì wà lára ògiri ṣá. Ẹ jẹ́ ká bá ọmọ yín ṣírò ti ìsinsìnyí: ẹni tó bá gba ife M15, ìdíje ọkùnrin ìpele ìsàlẹ̀, ń rí àmì 15. Tó bá gba mẹ́wàá nínú ọdún kan, 150 ni, ẹni tó wà ní ipò 230 sì ní ju 200 lọ.

Wild card tí mo gbà yẹn ló ṣi ọ̀pọ̀ wa lọ́nà. A rò pé bí wọ́n ṣe ṣe é fún wa nílé ni Paris máa ṣe é. Ọmọ tiwọn ni àwọn Faransé sábà ń fún. Ní 2025, Lois Boisson, obìnrin Faransé, wà ní ipò 361, wild card ló gbà, ó na àwọn ìlú-mọ̀-ọ́n-ká bíi Pegula àti Andreeva, Gauff ló dá a dúró ní semifáínà. Díẹ̀ tó kù, wọ́n ń fi ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú Amẹ́ríkà àti Ọsirélíà, torí pé àwọn náà ní Grand Slam, ìdíje ńlá bíi ti Paris, tí wọ́n lè fi san án padà. Kí ni Nàìjíríà fẹ́ fi san án?

Ti clay fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ilẹ̀ pupa tí àwọn ọmọ fi ń gbá bọ́ọ̀lù ní Nyanya kọ́ ni clay o. Bíríkì ni wọ́n lọ̀ kúnná tí wọ́n fi bo òkúta ẹfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Mo ta mọ́tò Golf mi, mo fi owó àjọ kún un, mo lọ díje lórí clay ní Antalya ní Tọ́kì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Sáàfù mi, bọ́ọ̀lù tí mo fi ń bẹ̀rẹ̀ eré, tí ẹnikẹ́ni kì í lè dá padà l'Abuja, wọ́n ń dá a padà bíi pé wọ́n ń ṣeré. Bọ́ọ̀lù ń ta dé èjìká mi. Bàtà mi ò ní ilà wẹ́wẹ́ bí egungun ẹja lábẹ́, mo ń yọ̀ ṣubú ṣáá. Ọmọdé ará Sípéènì kan nà mí 6-1, 6-2, kò tilẹ̀ làágùn. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta mo borí lẹ́ẹ̀kan nínú qualifying, ibẹ̀ kì í sì í mú àmì wá. Mo padà délé láìní àmì kankan, láìní mọ́tò.

Ilẹ̀kùn tó súnmọ́ ọmọ yín jù ni Roland Garros ti àwọn ọ̀dọ́, ranking junior ti ITF, àjọ tẹníìsì àgbáyé, ni wọ́n ń lò níbẹ̀. Ọdún mẹ́tàdínlógún ti pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n àyè ṣì wà kó bẹ̀rẹ̀ láti J30, ìdíje ọ̀dọ́ ìpele ìsàlẹ̀. Kó wá bá mi ní Sátidé, aago méje àárọ̀, kí oòrùn tó mú. Kó mú páspọ́ọ̀tù rẹ̀ dání, a ó jọ ṣí IPIN, nọ́ńbà tí ITF fi ń mọ olùdíje. Ẹ̀yin náà ẹ bá a wá, ẹ má sì tíì ta mọ́tò.