Èsì: Ìyàtọ̀ blanco, reposado àti añejo

Ẹ ǹ lẹ́ o. Ẹ ní ẹ mu blanco, reposado àti añejo, oríṣi tequila (ọtí líle ilẹ̀ Mexico) mẹ́ta, ẹ ò sì rí ìyàtọ̀ wọn. Yìnyín tí ẹ ń kó sí i ló jẹ́ kí tequila mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ ara wọn lẹ́nu yín. Òtútù ń pa òórùn àti adùn. Ẹ tọ́ ọ wò láìsí yìnyín, láìsí iyọ̀.

Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ wo ara ìgò. Bí kò bá sí “100% agave” (ewéko tí wọ́n fi ń ṣe tequila) níbẹ̀, tó 49% nínú ṣúgà tí wọ́n fi pọn ọtí náà lè má jẹ́ ti agave, ìdájọ́ náà ò ní gún.

1. Blanco ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Òun ló ń fi agave hàn gan-an: òórùn ewé tútù, ata díẹ̀. Òun ni mo fẹ́ràn jù.
2. Reposado: ó kéré tán, oṣù 2 nínú àgbá igi.
3. Añejo: ó kéré tán, ọdún 1. Bí adùn igi bá bo ti agave mọ́lẹ̀, mi ò kì í fún un ní máàkì gíga.