Màmá wa ní àìsàn ọkàn, ẹsẹ̀ wọn ń wú, ó tún ń tutù, ṣé ká máa fi omi gbígbóná jó o?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, nọ́ọ̀sì. Dókítà ní heart failure ló ń ṣe màmá wa, ìyẹn ni pé ọkàn wọn ò lágbára tó láti ti ẹ̀jẹ̀ lọ káàkiri ara, wọ́n ti ní ká máa gbé wọn lọ sílé pẹ̀lú oògùn. Ẹsẹ̀ wọn méjèèjì ṣì ń wú tó bá dìrọ̀lẹ́, àtẹ́lẹsẹ̀ wọn á sì tutù. Ẹ̀gbọ́n mi ní ká máa fi omi gbígbóná jó o, ká máa fọwọ́ ra á, ká tún fi ìrọ̀rí gbé ẹsẹ̀ wọn ga lálẹ́. Ṣó dáa bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú màmá. Omi gbígbóná yẹn, ẹ fi sílẹ̀ o. Ẹsẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ò bá dé dáadáa lè má mọ ooru mọ́, ó lè ti bó kí wọ́n tó sọ pé ó gbóná jù, egbò ibẹ̀ á wá pẹ́ kó tó jinná. Sọ́ọ̀kì tó nípọn tí ò fún wọn lẹ́sẹ̀ ti tó. Tó bá wá jẹ́ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló wú, tó ń dùn wọ́n tó sì gbóná, ẹ má fọwọ́ ra á rárá, ẹ̀jẹ̀ lè ti dì síbẹ̀, ilé ìwòsàn ni lọ́jọ́ náà.

Gbígbé ẹsẹ̀ ga, tí wọ́n bá jókòó lọ́sàn-án tí kò sì dùn wọ́n, kò burú. Àmọ́ tí wọ́n bá dùbúlẹ̀ gbalaja lálẹ́ tẹ́ ẹ tún wá gbé ẹsẹ̀ ga, omi tó wà lẹ́sẹ̀ á padà sínú ẹ̀jẹ̀, ọkàn tí ò lágbára ò ní lè tì í lọ tán, ẹ̀dọ̀fóró ló máa lọ kó sí, àwọn náà á wá ta jí lóru, wọ́n á máa wá èémí. Orí àti àyà ni kẹ́ ẹ fi ìrọ̀rí gbé sókè. Tí ìrọ̀rí méjì ò bá wá tó wọn mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, ẹ sọ fún dókítà.

Ká sọ tòótọ́, ìwọ̀n ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ máa wò ju ẹsẹ̀ lọ, torí omi máa ń kó jọ sára kí ẹsẹ̀ tó fi hàn. Láràárọ̀, tí wọ́n bá ti tọ̀ tán tí wọn ò tíì jẹun, ẹ jẹ́ kí wọ́n gun síkéèlì kan náà, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Lítà omi kan, kílò kan ni. Tó bá fi bíi kílò 2 lé láàárín ọjọ́ 3, ìyẹn kì í ṣe sísanra o, omi ni, ẹ pe ilé ìwòsàn.

Oògùn tó ń jẹ́ kí wọ́n máa tọ̀, àárọ̀ ló dáa jù kí wọ́n máa lò ó kí wọ́n lè rí oorun sùn. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà máa ń dọ́gbọ́n fò ó torí ìtọ̀ ti sú wọn, ẹ ṣọ́ wọn dáadáa! Ẹ dín iyọ̀ kù, ẹ má sì fún wọn ní ibuprofen tàbí diclofenac tí ara bá ń ro wọ́n, ṣe ló máa ń dá omi dúró sára.

Ẹ máa wo gìgísẹ̀ wọn àti àárín ọmọ ìka lójoojúmọ́, ibi tó bá pọ́n tàbí tó dúdú níbẹ̀, ẹ tètè fi han nọ́ọ̀sì. Sọ́ọ̀kì tó ń fún ẹsẹ̀ pinpin, tí wọ́n máa ń wọ̀ fún ẹsẹ̀ wíwú, ńkọ́? Ẹ má tíì rà á, ó dìgbà tí wọ́n bá yẹ ẹsẹ̀ wọn wò nílé ìwòsàn bóyá ẹ̀jẹ̀ ń dé ibẹ̀.

Tí wọn ò bá lè mí dáadáa lórí ìjókòó, tí àyà ń dùn wọ́n, tí ètè wọn yí àwọ̀ padà tàbí tí wọ́n ń wúkọ́ tó ń mú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó ń hó bí ọṣẹ jáde, ẹ má dúró dilẹ̀ mọ́, ẹ gbé wọn lọ lóru yẹn, lórí ìjókòó ni o, ẹ má tẹ́ wọn sílẹ̀.