Bí a ṣe ń yí apá kan ojú ewé padà láìtún gbogbo rẹ̀ ṣí

Ìbéèrè: Àkójọ ọjà wà lórí ojú ewé mi, fọ́ọ̀mù tí èèyàn fi ń wá ọjà sì wà lókè rẹ̀. Bí wọ́n bá ti tẹ bọ́tìnnì, gbogbo ojú ewé á tún ṣí, ohun tí wọ́n kọ á sì pòórá. Ṣé mo lè yí àkójọ yẹn nìkan padà?

Ìdáhùn: Ẹ lè ṣe é. Fọ́ọ̀mù yẹn ló ń ṣí ojú ewé padà, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe dá a. Ẹ fi event.preventDefault() ti JavaScript dá a dúró, kí ẹ wá fi fetch, àṣẹ JavaScript tó ń béèrè nǹkan, ránṣẹ́ sí server (kọ̀ǹpútà tó ń pèsè ojú ewé yín) lábẹ́lẹ̀. Inú function tó jẹ́ async (èyí tó lè dúró de ìdáhùn) ni ẹ máa kọ èyí sí; oro ni ohun tí èèyàn kọ, akojo sì ni id àkójọ ọjà:

const esi = await fetch('/akojo?wa=' + encodeURIComponent(oro));
if (!esi.ok) throw new Error(esi.status);
document.querySelector('#akojo').innerHTML = await esi.text();

Àkójọ nìkan ni kí server dá padà. Bó bá kó odidi ojú ewé wá, ẹ ó rí ojú ewé kan nínú òmíràn.

Ẹ má fo ìlà kejì o. Lójú fetch, 404 (ohun tí a wá kò sí) àti 500 (server ní ìṣòro) kì í ṣe àṣìṣe. Ìgbà tí íntánẹ́ẹ̀tì bá já ló ń pariwo. Láìsí ìlà yẹn, ọ̀rọ̀ àṣìṣe server ni àwọn oníbàárà yín máa bá níbi tí ọjà yẹ kó wà.

Ibi tó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú ṣì wà níwájú: lẹ́yìn tí àkójọ bá yí padà, bọ́tìnnì inú rẹ̀ kò ní dáhùn mọ́. innerHTML, tó ń fi HTML tuntun rọ́pò ohun tó wà níbẹ̀, ti da àwọn ti tẹ́lẹ̀ nù, tòun ti addEventListener (àṣẹ tó ń gbọ́ bí wọ́n bá tẹ̀ wọ́n) tí ẹ so mọ́ wọn. Ara #akojo fúnra rẹ̀, tí kì í yí padà, ni kí ẹ so ó mọ́, kí ẹ wá fi event.target.closest('button') mọ èyí tí wọ́n tẹ̀.

Bó bá jẹ́ nọ́ńbà tàbí ọ̀rọ̀ lásán lẹ fẹ́ yí padà, textContent ni kí ẹ lò. Ohun tí àlejò bá kọ kò gbọ́dọ̀ gba inú innerHTML kọjá láìjẹ́ pé server ti sọ ọ́ di aláìléwu, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹnì kan á fi kóòdù tirẹ̀ ránṣẹ́.

Àwọn kan lè ní kí ẹ kọ́kọ́ gbé jQuery wá, ìyẹn kóòdù JavaScript tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ fún irú iṣẹ́ yìí. Kò pọn dandan mọ́. XMLHttpRequest, ọ̀nà àtijọ́ tí a fi ń ránṣẹ́ sí server, ṣì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n fetch rọrùn ju ú lọ.

Bí ẹ bá wá fẹ́ kí àkójọ máa yí bí èèyàn ṣe ń tẹ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ìdáhùn àkọ́kọ́ lè dé lẹ́yìn èkejì. AbortController ni kí ẹ fi fagi lé èyí tó ṣáájú.