Ọbẹ̀ Sísè Nínú Ilé Alágbèéká: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ níhìn-ín ní ìlú Òyìnbó, a sì fi owó tí a tù jọ ra ọkọ̀ ńlá kan tí ó ní bẹ́ẹ̀dì, ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀ nínú. Láti oṣù kẹrin ni a ti ń gbé inú rẹ̀ káàkiri, ìgbà ooru sì dùn mọ́ wa púpọ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí òtútù ti dé, gáàsì kì í fẹ́ jó dáadáa láàárọ̀, bẹ́ẹ̀ sílíńdà kò tíì tán, nítorí ó ṣì wúwo lọ́wọ́. Omi ń ṣàn lára ògiri, aṣọ òkè mi tí mo kó sínú kọ́bọ́ọ̀dù sì ti bu. Bàbá àwọn ọmọ ní ọbẹ̀ tí mo ń sè ló fà á. Ṣé òótọ́ ni? — Ìyá Àbíkẹ́, Wales.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìrìn o, Ìyá Àbíkẹ́, ẹ sì kú ìfaradà òtútù. Kí n tó dá sí ọ̀rọ̀ ẹ̀yin àti bàbá àwọn ọmọ, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yanjú ti gáàsì, nítorí òun ni ó rọrùn jù. Oríṣi méjì ni wọ́n ń rọ sínú sílíńdà tí a fi ń dáná nínú irú ọkọ̀ yìí, butane àti propane. Bí omi ni àwọn méjèèjì rí nínú sílíńdà, ó sì di ìgbà tí omi náà bá di atẹ́gùn kí ó tó lè jó. Bí òtútù bá ti sún mọ́ ìwọ̀n òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius, níbi tí omi mímu ti ń di yìnyín, butane kì í fẹ́ di atẹ́gùn mọ́. Ṣùgbọ́n òtútù ní láti lọ sí ìwọ̀n 42 nísàlẹ̀ òdo kí propane tó ṣe bẹ́ẹ̀. Sílíńdà aláwọ̀ búlúù ni ó sábà máa ń jẹ́ butane ní Britain, pupa sì ni ti propane. Ẹ pààrọ̀ tiyín sí propane, kí ẹ sì mọ̀ pé ẹnu sílíńdà méjèèjì kò bára mu, nítorí náà ẹ óò nílò rọ́bà mìíràn, oníṣẹ́ gáàsì tí ó ní ìwé àṣẹ ni kí ó sì bá yín so ó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe da omi gbígbóná lé sílíńdà lórí. Mo ti rí ẹni tí ó ṣe é rí, mo sì yára kúrò nítòsí rẹ̀.

Ní ti omi ara ògiri, bàbá àwọn ọmọ jàre díẹ̀, ṣùgbọ́n ọbẹ̀ nìkan kọ́ ni kí a dá lẹ́bi. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé gáàsì fúnra rẹ̀ a máa mú omi jáde bí ó ti ń jó: kílò kan propane tí ẹ bá fi dáná yóò tú omi tí ó ju kílò kan ààbọ̀ lọ sínú afẹ́fẹ́ ilé. Ẹ wá fi ooru ẹ̀wà tí ó wà lórí iná fún wákàtí kan ààbọ̀ kún un, àti èémí ẹni méjì tí ó sùn mọ́jú, kí ẹ sì rántí pé bí yàrá kékeré kan ṣoṣo ni gbogbo ilé náà rí. Ibi tí ó bá tutù jù, bí ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù àti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ni ooru náà ti ń padà di omi.

Nítorí náà, àkókò tí iná fi ń jó ni kí ẹ dín kù. Ẹ má dín oúnjẹ yín kù. Ẹ rẹ ẹ̀wà mọ́jú, kí ẹ sì sè é nínú ìkòkò tí wọ́n ń pè ní pressure cooker. Kò ní ju nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lọ tí yóò fi jinná. Ọjọ́ tí ọkọ̀ bá wà ní ibùdó tí iná mànàmáná wà ni kí ẹ lọ ata rodo, tàtàṣé àti tòmátì, kí ẹ gbé ìkòkò síta sórí sítóòfù kékeré, kí omi ara ata fẹ́ lọ sínú afẹ́fẹ́ Ọlọ́run, kí ẹ tó pín in sínú ike pẹlẹbẹ. Mo ní pẹlẹbẹ nítorí pé fíríìsà inú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju páálí bàtà lọ. Ìta náà ni kí ẹ ti máa dín àkàrà àti dòdò. Ní ti irú, inú ìgò onídèérí líle ni kí ó máa gbé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìrọ̀rí yín yóò máa rùn ún títí di ọdún tí ń bọ̀.

Bí ẹ bá ń dáná nínú ilé, ẹ dé ìkòkò, kí ẹ ṣí fèrèsé orí òrùlé, kí ẹ má sì tì í kí ìdajì wákàtí tó kọjá lẹ́yìn tí ẹ bá pa iná. Ẹ óò rí àwọn ihò kan nílẹ̀ tí òtútù ń gbà wọlé. Bí ó ti wù kí òtútù mú tó, ẹ má ṣe dí wọn, nítorí gáàsì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ibẹ̀ ni èyí tí ó bá jò ń gbà jáde. Ẹ má fi iná sítóòfù yá ilé, ẹ má sì gbé ààrò eléèédú wọlé láéláé. Carbon monoxide, afẹ́fẹ́ olóró tí irú iná bẹ́ẹ̀ lè tú jáde, kò ní òórùn, ẹ̀rọ kékeré tí ń ké nígbà tí ó bá pọ̀ nínú ilé nìkan ni ó lè ta yín lólobó. Bí ẹ kò bá ní i, ẹ rà á kí ẹ tó ra propane.

Bí ẹ bá ṣe gbogbo èyí tí omi sì ń yọ lára ibì kan ṣoṣo síbẹ̀, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ògiri ibẹ̀. Bí ó bá rọ̀, òjò ni ó ń gba ojú ìsopọ̀ òrùlé tàbí etí fèrèsé wọlé, oníṣẹ́ ni kí ẹ pè kíákíá. Aṣọ òkè ní tirẹ̀, ẹ gbé e fún èyí tí ó bá nílé nínú àwọn ọmọ yín.

Ìbéèrè: Ní gbogbo ìgbà tí mo bá tan kẹ́tù ní ibùdó, iná a gé. Omi ìdọ̀tí ilé ìdáná mi sì ń rùn. — Akin, Scotland.

Ìdáhùn: Arákùnrin wa, iná ampere 10 ni wọ́n ń fún ọkọ̀ ní ọ̀pọ̀ ibùdó, ìyẹn sì jẹ́ watt 2,300 péré, nígbà tí kẹ́tù inú ilé lè gba 3,000. Ẹ ra kékeré tí kò ju watt 1,000 lọ, kí ẹ sì ní sùúrù fún tíì.

Mo fura pé epo pupa ni ó fa òórùn náà, nítorí bí ó bá kan omi tútù, ó máa ń dì mọ́ inú páìpù àti táńkì omi ìdọ̀tí. Kí ẹ tó fọ abọ́ àti ìkòkò, ẹ fi bébà nu epo ara wọn dànù sínú garawa ìdọ̀tí. Èyí tí ó ti dì tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Ẹ da omi tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ ìfọbọ́ sínú táńkì omi ìdọ̀tí náà lówùúrọ̀ ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ ṣí kúrò, kí ẹ sì wakọ̀ lọ. Gbágungbàgun ọ̀nà yóò bá yín fọ̀ ọ́, ẹ óò sì dà á nù ní ibi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un ní ibùdó tí ó kàn.